Àwọn Ìwẹ̀fà Ààfin Ọ̀yọ́ àti Ipò Wọn nínú Ìjọba Aláàfin

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí, ìwẹ̀fà, kì í ṣe àjèjì sí etí ọmọ ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ ní Addo lẹ́bàá Ajah tàbí ní Ṣakí ní Òkè-Ògùn. Inú Bíbélì Mímọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ bá a pàdé, nínú ìtàn ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí Fílípì bá lójú ọ̀nà Gásà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá dúró níwájú wọn tí ó bèèrè pé, "Ta ni à ń pè ní ìwẹ̀fà?" ẹnì kan yóò wí pé ìjòyè ni, ẹlòmíràn yóò wí pé ìránṣẹ́ ọba ni, ẹni tí ó sì mọ̀ ọ́n ní ti gidi yóò tẹ orí ba, yóò máa rẹ́rìn-ín sínú. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ á sì máa yára ṣí ojú ìwé mìíràn.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtìjú nínú ni, ó sì ní ìrora nínú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àwọn ìwẹ̀fà kúrò nínú ìtàn Ọ̀yọ́, a kò ní mọ bí Aláàfin ṣe ń ṣe ìjọba, a kò sì ní mọ ohun tí ìjọba náà gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan kí ó tó lè dúró. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa: ẹni tí wọ́n jẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ìdí tí ọba fi gbẹ́kẹ̀ lé wọn, àti ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára irú wọn ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, pàápàá ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí irú ètò yìí ti gbilẹ̀ jù.

Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Náà

Ìwẹ̀fà ni ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá, tí a sì fi sí ààfin láti máa sin ọba. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì rí i pé a tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, sọ fún wa pé a tún máa ń pè wọ́n ní Ìbàafin, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn ni olúwa ààfin. Ẹ kíyè sí i bí orúkọ náà ti ga tó. A kò fi ọgbẹ́ ara wọn sọ wọ́n lórúkọ. Ibi tí agbára wọn wà ni a fi sọ wọ́n.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra fún. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jọ ìwẹ̀fà púpọ̀, èyí ni Ìwàrẹ̀fà. Ní Ìlú Oǹdó, àwọn Ìwàrẹ̀fà ni ìjòyè àgbà tí wọ́n ń bá Ọ̀ṣemàwé ṣe ìjọba, bí i Líṣà àti Jọmù. Ní Iléṣà pẹ̀lú, Ìwàrẹ̀fà jẹ́ orúkọ àwọn àgbà ìjòyè. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ baálé ilé tí ó ní ìyàwó, tí ó ní ọmọ, tí ó sì ní ìdílé lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ka orúkọ yìí nínú ìtàn Oǹdó tàbí ti Ìjẹ̀ṣà, tí ó sì rò pé ìwẹ̀fà Ọ̀yọ́ ni à ń sọ, ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ti Ọ̀yọ́ nìkan ni à ń sọ níhìn-ín.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń di ìwẹ̀fà? Ọ̀nà méjì ni ìtàn fi hàn wá. Àwọn kan wà tí a tẹ̀ lọ́dàá nítorí ẹ̀ṣẹ̀, irú bí ẹni tí ó bá ayaba ṣe àgbèrè tàbí ẹni tí ó bá ìbátan rẹ̀ lò pọ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ ẹrú tí wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìyà. Èkejì kò ní orúkọ mìíràn ju ìkà lọ. Ṣùgbọ́n inú ààfin kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀.

Ìdí tí Ọba Fi Ń Lò Wọ́n

Ẹni tí kò mọ ètò ìjọba Ọ̀yọ́ yóò wí pé nítorí àwọn ayaba nìkan ni ọba fi ń lo ìwẹ̀fà. Òótọ́ ni pé ayaba pọ̀ ní ààfin, òótọ́ sì ni pé ọkùnrin pípé kò gbọdọ̀ dé ibùgbé wọn. Ẹnì kan ní láti máa jíṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin inú lọ́hùn-ún àti àwọn ènìyàn òde. Ìwẹ̀fà ni ó sì lè wọlé kí ó tún jáde láìsí ìfura. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìdí yìí nìkan ni, onílẹ̀kùn ni ìwẹ̀fà ìbá jẹ́, kì bá tí di adájọ́, kì bá tí di ẹni tí ó ń dé adé.

Ìdí tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ wà nínú ọ̀rọ̀ ìdílé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé ni ó ni oyè. Aláàfin kì í yan ẹni tí ó wù ú sí ipò Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìnni, Lágùnnà, Akíniikú tàbí Aṣípa. Àwọn ilé tí ó ni oyè wọ̀nyí ni ó ń fa ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kalẹ̀. Àwọn méje yìí, tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, ni wọ́n ń yan ọba, àwọn náà ni wọ́n sì lè ránṣẹ́ sí i pé ìlú kọ̀ ọ́, kí ó lọ sùn. Bí Aláàfin bá jókòó láàárín wọn, olúkúlùkù wọn ni ó ní agbo ilé lẹ́yìn, ó ní ọmọ ogun, ó ní ẹrú, ó sì ní ọmọ tí ó fẹ́ kí ó rọ́wọ́ mú lẹ́yìn òun. Ta ni yóò wá jẹ́ ti ọba nìkan?

Àwọn ìlàrí ni ìdáhùn kan sí ìbéèrè yìí, àwọn ìránṣẹ́ tí a fá apá kan orí wọn, tí a sì fún ní orúkọ tí ó ń sọ èrò ọkàn ọba. Àwọn ìwẹ̀fà ni ìdáhùn kejì. Ìwẹ̀fà kò ní ọmọ tí yóò jí ohun ìní ọba pamọ́ fún. Kò ní àna, kò ní arọ́lé, kò sì ní ilé oyè tí yóò máa gbé ìjà rẹ̀ jà. Bí ọba bá gbé e ga, ó ga. Bí ọba bá já a jù sílẹ̀, ilẹ̀ ni ó bá ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọba lè fi ohun gbogbo lé lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ayé Baṣọ̀run Gáà, láàárín nǹkan bí ọdún 1754 sí 1774. Gáà ń fi ọba jẹ, ó sì ń pa wọ́n, títí Abíọ́dún fi rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìtàn sọ pé Gáà fọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ká àwọn ìlú tí ń sin Ọ̀yọ́, àwọn ni wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó wọ ààfin. Àwọn àgbà máa ń wí pé, bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòtítọ́. Ìwà ìkà nìkan ni a máa ń rántí bí a bá pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ètò ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjòyè tí ó ní ọmọ púpọ̀ lè fi ọmọ rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọba lọ́wọ́. Ìwẹ̀fà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àwọn Olórí Mẹ́ta

Àwọn ìwẹ̀fà pọ̀ ní ààfin, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni olórí wọn: Ọ̀nà Ìwẹ̀fà, Ọ̀tún Ìwẹ̀fà, àti Òsì Ìwẹ̀fà. Iṣẹ́ olúkúlùkù wọn dá dúró gedegbe.

Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ni ti àárín, òun sì ni adájọ́. Bí ọba kò bá lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ fúnra rẹ̀, Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ni yóò gbọ́ ọ. Ẹjọ́ tí a gbé wá láti àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdájọ́ tí ó bá sì dá, bí ìgbà tí ọba dá a ni. Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀ sí èyí. Nínú àwùjọ tí olúkúlùkù ń ti ẹ̀yìn ìdílé rẹ̀, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni tan ni a fi ṣe adájọ́. Kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tí yóò gbè, kò sì ní àna tí yóò máa ṣe ojú àánú sí. Òfin tí ó gé e kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó lè ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn ènìyàn ẹlòmíràn.

Ọ̀tún Ìwẹ̀fà ni ó ń bójú tó ìsìn Ṣàngó lórúkọ ọba. Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀, Aláàfin kì í ṣe ọba lásán. Arọ́lé Ṣàngó ni, Kòso sì ni ojúbọ ńlá tí òun àti àwọn baba rẹ̀ ń gbójú lé. Ọ̀tún Ìwẹ̀fà ni Kòso wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ọba tuntun jẹ, kò lè ṣe kí ó má dé ibẹ̀. Nítorí náà ọwọ́ ìwẹ̀fà wà nínú ẹ̀sìn gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìdájọ́.

Òsì Ìwẹ̀fà, tí à ń pè ní Olósì, ni ó kéré jù ní ipò, ṣùgbọ́n òun ni a ń bu ọlá fún jù. Ìdí rẹ̀ ni pé òun ni ó ń dúró fún ọba. Bí ọrọ̀ ìlú bá dé tí ọba kò gbọdọ̀ jáde, tàbí bí ogun bá dé tí ọba kò lọ, Olósì ni yóò lọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ a óò dé e ládé, a óò ta agboòrùn ọba sórí rẹ̀, a óò fun kàkàkí níwájú rẹ̀, a óò sì dọ̀bálẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ọba ni ó ń wà. Kò sí yàrá kan nínú ààfin, títí dé ibùgbé àwọn ayaba, tí kò lè wọ̀. Ọmọ aráyé kò mọ ojú ọba ní gbogbo ìgbà, nítorí ọba kì í sábà jáde. Ojú Olósì ni ọ̀pọ̀ mọ̀.

Ọmọ Ọba ní Ilé Ìwẹ̀fà

Iṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí ó yani lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ayaba bá lóyún, wọn kì í jẹ́ kí ó wà ní ibùgbé rẹ̀ nínú ààfin mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn olórí ìwẹ̀fà ni a óò mú un lọ. Níbẹ̀ ni yóò bímọ sí, níbẹ̀ ni yóò sì wà títí yóò fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú kí ó tó padà. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ilé ìwẹ̀fà ni a bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ọba sí, àwọn ìwẹ̀fà ni wọ́n sì jẹ́ alágbàtọ́ wọn.

Yorùbá ka ọmọ sí ju ohun gbogbo lọ. Àwọn àgbà wí pé ọmọ ni aṣọ. Wọ́n tún wí pé ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ẹni tí kò bímọ ń bẹ̀rù pé ikú rẹ̀ yóò jẹ́ òpin orúkọ rẹ̀, pé kò ní sí ẹni tí yóò ki oríkì rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò bọ orí òkú rẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a gbé ọmọ tí ó ṣe pàtàkì jù ní gbogbo ilẹ̀ náà lé. Ìwẹ̀fà ni yóò gbọ́ igbe àkọ́kọ́ ọmọ tí ó lè di Aláàfin lọ́la. Kò lè fi ọmọ tirẹ̀ pààrọ̀ ọmọ náà, nítorí kò ní. Kò sì sí ẹni tí ó lè wí pé òun ni ó lóyún ayaba. Ọgbọ́n ìjọba ni èyí, kò sì sí iyè méjì pé ọgbọ́n náà mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọdé ní ìtàn yìí kò gbọdọ̀ sáré kọjá ibẹ̀ láì dúró wo ọkùnrin náà tí ó gbé ọmọ ọlọ́mọ dání.

Ohun tí Àwọn Àlejò Rí

Kì í ṣe ẹnu àwọn arọ́kin nìkan ni a ti gbọ́ nípa àwọn ìwẹ̀fà. Ní oṣù January ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé láti Àgbádárìgì, òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di oṣù March. Ìwẹ̀fà kan tí ó sanra, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ebo, wà lára àwọn tí wọ́n ní í ṣe pẹ̀lú jù láàárín wọn àti ọba. Ní oṣù May ọdún 1830, Richard Lander tún padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, Ebo yìí náà ni wọ́n sì tún bá. Àwọn òpìtàn gbà pé Aláàfin Májòótú ni ó wà lórí oyè nígbà náà.

Ìgbà tí àwọn àlejò yìí dé, ilé ti ń wó. Ìlọrin ti yapa, ogun sì ti ń jẹ àwọn ìlú àríwá run. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn èyí tí Ọ̀yọ́-Ilé fi di ahoro, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà. Síbẹ̀ ètò ààfin kò tíì yẹ̀. Àlejò kò lè ṣàdédé bá ọba pàdé; ìwẹ̀fà ni yóò gba ọ̀nà fún un. Èyí kọ́ wa pé ètò ààfin a máa pẹ́ ju agbára tí ó bí i lọ.

Ní Àwọn Ilẹ̀ Mìíràn

Ọ̀yọ́ nìkan kọ́ ni ó mọ ọgbọ́n yìí. Ní ìlú Kánò, ìwé ìtàn àwọn ọba ibẹ̀ wí pé Muhammadu Rumfa, tí ó jọba láti nǹkan bí ọdún 1463 sí 1499, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwẹ̀fà joyè ìlú. Ní ìjọba Songhay ní etí odò Ọya, Ali Fulan, tí ó jẹ́ olórí àwọn ará ààfin, ni ó sún mọ́ Askia Muhammad jù. Nígbà tí ojú ọba náà fọ́, òun ni ó bò ó ní àṣírí tí àwọn ará ìlú kò fi tètè mọ̀. Ní ọdún 1529 ni Musa, ọmọ ọba náà, gba ìjọba lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn ọba Dahomey ní Abomey pẹ̀lú ní àwọn ìwẹ̀fà tí ń ṣọ́ ààfin.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí ètò yìí ti gbilẹ̀ jù, ilẹ̀ Ṣáínà ni a óò lọ. Níbẹ̀, fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, àwọn ìwẹ̀fà ni wọ́n kún inú ààfin ọba ńlá. Àwọn kan nínú wọn ṣe iṣẹ́ rere tí aráyé kò lè gbàgbé. Cai Lun ni a fi ọ̀nà ṣíṣe bébà tí ó dára sí i lọ́dọ̀ ọba lọ́lá rẹ̀, ní ọdún 105 lẹ́yìn ìbí Kristi. Zheng He ń kọ́? Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ogun kó o ní Yunnan, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, tí wọ́n sì fi í sin ọmọ ọba kan. Ọmọ ọba náà di ọba, Zheng He sì di balógun ojú omi. Ẹ̀ẹ̀meje ni ó kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ ńlá jáde láàárín ọdún 1405 sí 1433, àwọn ọkọ̀ náà sì dé etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ má sì gbàgbé Sima Qian, baba àwọn òpìtàn ilẹ̀ náà, tí ọba tẹ̀ lọ́dàá nítorí pé ó sọ̀rọ̀ gbè fún ọ̀gágun kan tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ó fara da ìtìjú náà kí ó lè parí ìwé rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ba ilẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ọba àkọ́kọ́ tí ó so ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ ṣòkan kú lójú ọ̀nà àjò ní ọdún 210 ṣáájú ìbí Kristi, ìwẹ̀fà kan, Zhao Gao, pẹ̀lú olórí ìjòyè, fi ikú náà pamọ́. A gbọ́ pé ẹja ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ kí òórùn òkú ọba má baà tú wọn fó. Wọ́n kọ ìwé èké lórúkọ òkú, wọ́n fi í pa àrẹ̀mọ, wọ́n sì fi àbúrò rẹ̀ jọba. Kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà tí Zhao Gao fi ti ọba tuntun yìí náà sí ikú. Ìran ọba náà run pátápátá. Ní ayé àwọn ọba Ming, ọba àkọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ìwẹ̀fà má ṣe tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ìlú. Síbẹ̀ kí ó tó di ọdún 1627, Wei Zhongxian ti di ẹni tí gbogbo ìjòyè ń gbọ̀n fún.

Ìyàtọ̀ tí Ó Wà Láàárín Wọn

Èyí mú ìbéèrè kan wá: kí ló dé tí ìtàn Ọ̀yọ́ kò fi ní Zhao Gao tirẹ̀? Lójú tiwa, ìdí méjì ni ó wà.

Èkíní, Ọ̀yọ́ Mèsì wà. Ìwẹ̀fà lè jẹ́ olúwa ààfin, ṣùgbọ́n kò lè fi ọba jẹ. Ìta ààfin ni agbára láti yan ọba wà, lọ́wọ́ àwọn tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Èkejì ni ikú. Nígbà tí Aláàfin bá wàjà láyé àtijọ́, àwọn kan wà tí òfin là á kalẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àrẹ̀mọ wà lára wọn, àwọn ọmọ ọba olóyè kan wà níbẹ̀, Ìyá Ọba àti àwọn obìnrin olóyè mìíràn wà níbẹ̀. Lára àwọn tí kì í ṣe ìran ọba, Olókùn-ẹṣin wà níbẹ̀, Òsì Ìwẹ̀fà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ oúnjẹ ọba, tí ó sún mọ́ ibùsùn ọba, tí ó sì lè dé adé ọba, ọjọ́ kan náà ni òun àti ọba yóò kú. Ta ni yóò wá bu májèlé sínú àwo tí òun náà yóò ti jẹ? Zhao Gao ń fi ikú ọba ṣe èrè. Olósì kò ní èrè kankan nínú ikú ọba, àfi ikú tirẹ̀. Ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fi ṣe ìdè fún ìgbésí ayé ọba.

Bí a bá wò ó láti ìta, a óò wí pé ètò náà pé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbójú fo ohun kan. A kọ́kọ́ gba ọmọ tí ọkùnrin yìí ìbá bí lọ́wọ́ rẹ̀; lẹ́yìn náà a tún gba ọjọ́ ogbó rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Àwọn kan a máa wí pé àṣà ni, pé a kò gbọdọ̀ fi ojú òní wo ohun àná. A gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn baba wa fúnra wọn ṣe. Kí Aláàfin Àtìbà tó wàjà ní ọdún 1859, ó ti ṣètò pé kí Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù, má ṣe bá òun kú, kí ó sì jọba. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀, ó ní kò bá òfin mu. Ohun tí ó dá ogun Ìjàyè sílẹ̀ nìyẹn, láti ọdún 1860 títí di 1862. Nítorí náà òfin ikú náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà. Ọba yí i padà nígbà tí ó kan ọmọ rẹ̀. Àrẹ̀mọ ní bàbá tí yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Ìwẹ̀fà kò ní bàbá ní ààfin, kò sì ní ọmọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ eré orí ìtàgé wa mọ Olókùn-ẹṣin. Nígbà tí Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù December ọdún 1944, àwọn aláṣẹ òyìnbó dá ọwọ́ ètò ikú ẹlẹ́ṣin ọba dúró. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn náà ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964, Wọlé Ṣóyínká sì fi kọ eré tirẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1975. Òsì Ìwẹ̀fà, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ Olókùn-ẹṣin nínú ètò ikú kan náà láyé àtijọ́, kò ní òkìkí bẹ́ẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń gbé orúkọ bàbá wọn kiri.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Fi Kọ́ Ọmọ

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, òpin ètò yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1911 ni òtòṣì àgbẹ̀ kan tẹ ọmọ rẹ̀, Sun Yaoting, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, lọ́dàá, kí ọmọ náà lè rí iṣẹ́ ní ààfin kí ìyà ilé wọn sì dín kù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní February 1912, ọba sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Ọmọ náà dàgbà, ó sì sin àwọn ará ààfin tí ó ṣẹ́kù. Ní ọdún 1923 ni wọ́n lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìwẹ̀fà kúrò ní ààfin. Òun ni ó sì kẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí ọdún 1996 ni ó tó kú. Nítorí pé ó pẹ́ láyé, àwọn ènìyàn rí i bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀. Àwọn ìwẹ̀fà Ọ̀yọ́ kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ebo nìkan ni a mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa nínú ìwé àwọn àlejò, bí ó ti sanra sì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí olùkọ́ fi yé ọmọ ilé-ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwẹ̀fà bá dé. Èkíní, kí ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí láìfi rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí a bá ń fi pamọ́ ni ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì, kí ó fi hàn wọ́n pé ìjọba Ọ̀yọ́ kì í ṣe ìjọba ẹnì kan. Ọba, ìjòyè, ìlàrí, ìwẹ̀fà àti àwọn ìyá ààfin ni wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti ìdíwọ̀n tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè pé: bí ètò kan bá mú ìlú dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ara àwọn ènìyàn kan ni a fi ṣe òpó rẹ̀, kí ni a óò wí nípa rẹ̀? Kí ó má ṣe yára dáhùn fún wọn. Kí ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí, nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láyé, ìlú tí ó sì fẹ́ tọ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ní láti máa bi ara rẹ̀.

Ní ti àwa tí a wà ní yunifásítì, iṣẹ́ tiwa ni láti wá ohun tí ó ṣẹ́kù. Ó yẹ kí á tọ àwọn arọ́kin lọ, kí á tún àwọn ìwé àtijọ́ kà, kí á sì máa gbọ́ oríkì àwọn Aláàfin pẹ̀lú etí tí ń wá orúkọ àwọn tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tí wọ́n gba ẹjọ́ rò, tí wọ́n bọ Ṣàngó fún ọba, tí wọ́n sì tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tiwọn dàgbà, kò fi ọmọ sílẹ̀ tí yóò bèèrè wọn. Bí àwa tí ń kọ ìtàn kò bá bèèrè wọn, kò sí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.